Ọmọ Tí Wọn Kò Kọ Orúkọ Rẹ̀

Bí ilé ìjọba bá kú, ó ní bí wọ́n ṣe ń pín ogún rẹ̀. Wáyà iná ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà yọ, nítorí kọ́pà inú rẹ̀ lówó lórí. Fáànù àti ẹ̀rọ amúnáwá ló máa ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Nígbà tó bá yá, àwọn kan á gun òkè, wọ́n á ṣí páànù, wọ́n á sì yọ igi àjà. Òjò á gba òkè wọlé, ikán á gba ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, ohun tí ẹ máa bá nílẹ̀ ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí tà. Nínú gbogbo ilé ahoro tí mo ti wọ̀, ohun kan náà ni mo máa ń bá: ìwé.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe jẹun. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè àti ìkómọ ni wọ́n ń pè mí sí, láti Ọjọ́bọ̀ títí di Ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọjọ́ tó ṣẹ́kù nínú ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń gun ọ̀kadà mi lọ ya àwọn ilé tí ìjọba tàbí ìjọ ti pa tì: ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ilé ìfìwéránṣẹ́, ibùdó ọkọ̀ ojúurin. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀ mí pé kí n bá òun ya ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí bàbá rẹ̀ lọ, kí ó tó wó tán. Mo yà á fún un, ọkàn mi kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ń dá wọ ilé ahoro, wọ́n á ní bí kì í bá ṣe olè, á jẹ́ ẹni tó fẹ́ ṣòògùn owó. Nítorí náà, n kì í wọ ibì kankan láìjẹ́ pé mo ti lọ rí baálẹ̀ àdúgbò, tàbí ọlọ́dẹ bí ọlọ́dẹ bá wà. Ọ̀sán gangan ni mo máa ń lọ. Bàtà mi máa ń ga dé ojúgun nítorí ejò, igi sì máa ń wà lọ́wọ́ mi tí mo fi ń gbá ilẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́, torí pé pákó tó ti jẹrà kì í kìlọ̀ fún ènìyàn. Kí n tó ré ẹnu ọ̀nà kọjá, mo máa ń kígbe pé, “Àgò o!” Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò dáhùn pé “Àgò yà,” ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Òfin kan wà tí àwa tí à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí jọ ń pa mọ́, yálà ní Ìbàdàn ni o tàbí ní òkè òkun: má mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀, àwòrán nìkan ni kí o mú lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí kálukú bá ń mú ohun ìrántí kọ̀ọ̀kan, a kò yàtọ̀ sí àwọn tó ń ṣí páànù. Ilé ìgbẹ̀bí kan ló kọ́ mi pé òfin náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti rí nínú bí a ṣe ń rántí àwọn ilé ńlá. Nígbà tí olú-ìlú Nàìjíríà kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Federal Secretariat ní Ìkòyí bẹ̀rẹ̀ sí í sófo, títí tó fi di àpẹẹrẹ ilé ìjọba tí a pa tì lójú gbogbo ayé. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà ní Broad Street ṣe oríire jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sọ ọ́ di Freedom Park, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tó gbòmìnira. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí á gbọ́ pé Herbert Macaulay àti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá wà níbẹ̀, ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kì í ṣe olóyè, àwọn tó jí ewúrẹ́, àwọn tó jẹ gbèsè. Ilé ńlá máa ń pa orúkọ ńlá mọ́. Orúkọ kékeré, inú ìwé ló wà, ìwé náà ni wọ́n sì ń fi sílẹ̀.

Ilé ìgbẹ̀bí tí mò ń sọ wà ní ìlú ìyá mi, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn ará ìlú ló dáwó kọ́ ọ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira. Àwọn àgbà ṣì ń sọ ọ́ títí di òní: ẹgbẹ́ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ló mọ iye búlọ́ọ̀kù tí òun máa gbé wá, àwọn obìnrin ló pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, wọ́n fà á lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ìjọba sì gbé àwọn agbẹ̀bí tó kàwé wá. Fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà àti abúlé tó yí i ká ti fojú kan ayé.

Ikú rẹ̀ kò yá kánkán. Lẹ́yìn ètò SAP ti ọdún 1986, owó ìjọba kò tó nǹkan mọ́ ní ibi púpọ̀. Agbẹ̀bí tó bá fẹ̀yìn tì, wọn kì í rán ẹlòmíràn wá dípò rẹ̀. Òwú àti oògùn apakòkòrò di ohun tí aláboyún ń fi owó ara rẹ̀ rà wá. Ní nǹkan bí àárín ọdún 1990 sí ọdún 2000, ìjì ṣí páànù apá kan. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, wọ́n kọ́ ibùdó ìlera tuntun sí etí títì, wọ́n kó àwọn bẹ́ẹ̀dì tó dára lọ síbẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn èyí àtijọ́. Kò sí ẹni tó padà wá kó ìwé.

Ọlọ́dẹ ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lódìkejì ló mú mi wọlé. Yàrá mẹ́ta ni. Nínú yàrá àkọ́kọ́, ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló bo ilẹ̀, bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn aláboyún máa ń jókòó sí sì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń dán níbi tí ìdí ènìyàn ti fọ̀ ọ́. Ní yàrá kejì, bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí kan ló kù, irin rẹ̀ ti dípẹtà, ó sì wúwo ju ohun tí ènìyàn méjì lè gbé lọ. Abọ́ tánńganran kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lu. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tuntun wà lórí wíńdò, àwo orí rẹ̀ ti lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti dúró sórí òdo. Mo ya àwọn wọ̀nyí fún bíi wákàtí méjì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú páànù tó ṣí wọlé dára gan-an, n kò ní purọ́.

Yàrá kẹta ni ọ́fíìsì. Kábínẹ́ẹ̀tì onírin kan dojú dé ilẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé àwọn tó ń ṣa irin ló fẹ́ gbé e, tó wúwo jù fún wọn, tí wọ́n sì jẹ́ kó ṣubú. Bó ṣe dojú dé yẹn ló gba ohun tó wà nínú rẹ̀ là, nítorí òjò kò rí ọ̀nà wọ̀ ọ́, ikán kò sì lè jẹ irin. Èmi àti ọlọ́dẹ fi igi yí i padà. Ìwé àkọsílẹ̀ ńlá márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn wọn le bíi pákó. Ti òkè pátápátá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973, ó parí ní ọdún 1976.

Mo ya ẹ̀yìn wọn, mo ya bí wọ́n ṣe tò jọ, mo sì dá wọn padà síbi tí mo ti bá wọn. Òfin ni òfin.

Ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo wà ní ọjà ìlú náà, mo sì ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan. Ìwé tó fi wé e ní ìlà pupa àti ìlà búlúù, ẹnì kan sì ti fi gègé kọ̀wé sí i. Mo da ẹ̀pà náà sápò, mo tẹ́ ìwé náà. Orúkọ obìnrin mẹ́fà ló wà níbẹ̀, orúkọ agboolé wọn, ọjọ́ orí wọn, àti ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bímọ. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ibi tí ó ti rí ìwé. Ó ní àwọn ọmọkùnrin kan ló ń tà á ní kílò fún ìyá òun.

Mo tọ baálẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Baálẹ̀ pe òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní ibùdó tuntun, ó sì tún ránṣẹ́ sí ìyá àgbà kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ilé náà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ìwé kan nínú márùn-ún ti lọ. A kó mẹ́rin tó kù jáde. Baálẹ̀ ní kí wọ́n tì wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ní ibùdó ìlera, kí èmi sì ya ojú ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà jẹ́ pé bí ikán tàbí iná bá tún dé, gbogbo rẹ̀ á parun. Màmá Nọ́ọ̀sì ní òun máa jókòó tì mí. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ obìnrin ló wà nínú ìwé yìí. Ìwọ ọkùnrin kò ní dá a kà.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi ṣe é, lórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màmá ń ṣí ìwé, èmi ń yà á. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan pín sí òpó: nọ́ńbà, ọjọ́, orúkọ ìyá, àdúgbò, ọjọ́ orí, ìgbà mélòó ló ti bímọ, aago tí ọmọ dé, akọ tàbí abo, ìwọ̀n ọmọ ní páùn. Òpó kan wà níparí tó fẹ̀ díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta sí.

Mo bi Màmá pé, “Kí ni SVD yìí, tó pọ̀ báyìí?”

Ó ní, “Ó bí wẹ́rẹ́ ni.”

“FSB ńkọ́, Màmá?”

“Ọmọ náà kò ké.”

“NND?”

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. “Ó ké. Kò dúró ni.”

Ohun kan yà mí lẹ́nu ní ọjọ́ kejì. Orúkọ ìyá wà nínú gbogbo ìlà, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ọmọ kankan nínú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rò pé àìbìkítà ni. Màmá Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, “Ìwọ tí ò ń ya ìkómọ kiri, o kò mọ̀? Ọmọ ọjọ́ kan lórúkọ ni? Ọjọ́ kẹjọ la ń kó ọmọ jáde. Nígbà yẹn, wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ mi tipẹ́.”

Òótọ́ ni. Bí ìyá bá sì wá sọ fún agbẹ̀bí lẹ́yìn náà pé ọmọ ti lọ, Màmá á padà sí ìlà náà, á fi yíǹkì pupa kọ lẹ́tà mẹ́ta sí òpó tó gbẹ̀yìn. Lábẹ́ àṣà wa, ọmọ tó bá lọ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, wọn kì í ṣòkú rẹ̀ bí òkú àgbà. Wọ́n á ní kí ìyá má sunkún jù, kí èyí tó ń bọ̀ má baà rí omijé. Kò sí ìkómọ, kò sí orúkọ, kò sí fọ́tò, kò sí ibojì tí ẹnikẹ́ni ń tọ́ka sí. Nínú ayé yìí, ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà wá ni ìlà kan nínú ìwé tí wọ́n ń tà ní kílò fún ẹlẹ́pà.

Màmá tún fi ohun mìíràn hàn mí. Ó máa ń fi ìka tẹ orúkọ ìyá kan ní ọdún 1973, níbi tí yíǹkì pupa wà, á wá ṣí ìwé lọ sí ọdún 1974 tàbí 1975, á fi ìka tẹ ìyá kan náà. “Èyí ni wọ́n sọ ní Rẹ̀mílẹ́kún. Ó ń kọ́ ọmọ níwèé ní Ṣakí báyìí. Èyí ni Ẹkúndayọ̀. Èyí ni Dúrósinmi, bàbá tó ń tún mọ́tò ṣe nìyẹn.” Mo ti gbọ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí láti kékeré, mo sì mọ ìtumọ̀ wọn bí gbogbo Yorùbá ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí orúkọ náà ń tọ́ka sí rí. Àwọn alààyè ló ń gbé orúkọ kiri, àwọn tó ṣáájú wọn sì wà nínú ìwé láìlórúkọ. Bí ìwé bá parun, orúkọ á kàn dà bí orúkọ lásán.

Nígbà tí a ṣiṣẹ́ dé ìdajì, Màmá bi mí ní ìbéèrè kan: “Ta ló ni ìwé yìí gan-an?” N kò lè dáhùn, ṣùgbọ́n mo mọ ibì kan tí wọ́n ti bi ara wọn ní irú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn kan wà ní Willard fún àwọn tí àárẹ̀ ọpọlọ ń bá jà. Ọdún 1869 ni wọ́n ṣí i, ọdún 1995 ni wọ́n sì tì í. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, wọ́n rí nǹkan bí irinwó àpótí ìrìn-àjò ní àjà ilé kan. Ẹrù tí àwọn aláìsàn gbé wá ni: aṣọ, lẹ́tà, Bíbélì, fọ́tò ẹbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jáde kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tí wọ́n fi kú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìpínlẹ̀ náà ló kó àwọn àpótí náà pamọ́, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Jon Crispin sì yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti wo àwọn àwòrán náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó mú mi rántí wọn lọ́dọ̀ Màmá ni pé òfin kò gba Crispin láyè láti gbé orúkọ àwọn tó ni àpótí jáde lódindi, torí pé ọ̀rọ̀ àìsàn jẹ́ àṣírí. Inú àwọn kan kò dùn sí i. Wọ́n ní bí a bá ń fi orúkọ wọn pamọ́, à ń sọ àìsàn wọn di ìtìjú. Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n wá, nítorí ní itẹ́ òkú ilé ìwòsàn náà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn tí wọ́n sin síbẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi sàmì sí sàréè wọn dípò orúkọ. Mo sọ èyí fún Màmá. Ó ronú fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Àwọn yẹn ní orúkọ, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn tèmi kò tíì gbà á. Ẹni tó bí wọn nìkan ló lè sọ̀rọ̀.”

Ìdáhùn yẹn la fi ṣe òfin. Ẹni tó bá wá, ìlà tirẹ̀ tàbí ti ìyá rẹ̀ nìkan la máa fi hàn án. Kí ó mú ẹ̀rí wá pé ìyá òun ni, tàbí kí ìyá náà wá fúnra rẹ̀.

Àwọn ènìyàn sì wá. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọba. Nígbà tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1980, ó fi ọwọ́ gba orí kọjá kan etí kejì, bí wọ́n ti ń dán wa wò nígbà yẹn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kàn án, olùkọ́ fi ọjọ́ òmìnira ṣe ọjọ́ ìbí fún un. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ló ti ń pa màlúù láti ìgbà náà. Màmá Nọ́ọ̀sì rí orúkọ ìyá rẹ̀ nínú ìwé: ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1974, akọ, páùn méje, aago mẹ́ta òru. Mo wo kàlẹ́ńdà ọdún náà lórí fóònù, mo sì sọ fún un pé Ọjọ́ Ajé ni. Ọkùnrin ńlá yìí pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. “Ọjọ́ Ajé ni wọ́n bí mi! Mo ti mọ̀ pé owó máa wá!” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Màmá.

Ní ọjọ́ keje iṣẹ́ wa, Màmá ṣí ojú ewé kan, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e. Ó ní, “Má tíì ya èyí.” Ó wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́. “Ìyá rẹ ṣì ń gbọ́rọ̀ dáadáa?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Lọ bá a kí o tó wò ó. Bó bá ní kí o wò ó, padà wá.”

Ilé ìyá mi kò jìnnà síbẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo kí i, mo jókòó tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nípa ìwé, nípa Màmá Nọ́ọ̀sì, nípa òpó tó gbẹ̀yìn. Kò gbójú sókè. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, ó ń da òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí mo dákẹ́, ó bi mí pé, “Wọ́n kọ orúkọ sí i?”

“Rárá, Màmá. Wọn kò kọ orúkọ ọmọ kankan.”

“Obìnrin ni. Oṣù Keje ọdún 1975 ni, òjò ń rọ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló lò.” Ó gbọn àwo náà. “Mo ní orúkọ fún un. A ti fi ọ̀rọ̀ náà sí àárín ara wa, èmi àti bàbá rẹ, à ń dúró de ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí kò pé, a kò sọ ọ́ síta mọ́. Bàbá rẹ kò tún dárúkọ náà títí ó fi kú.”

Lẹ́yìn náà ló sọ orúkọ náà fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Nígbà tí mo dìde, ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi láti kékeré: “Àjàní, ó dàárọ̀ o.” Oríkì mi ni. Ẹni tí a jà kí a tó ní ni wọ́n ń sọ ní Àjàní, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pè. Ọdún 1978 ni wọ́n bí mi. N kò béèrè rí pé ta ni wọ́n bá jà, tàbí kí ni wọ́n ti pàdánù kí n tó dé. Ó ti wà lẹ́nu ìyá mi lójoojúmọ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Ó gbà pé kí n ya ojú ewé náà. Mo padà, mo yà á bí mo ṣe ya àwọn yòókù, Màmá Nọ́ọ̀sì sì ṣí ìwé sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí láti wá pàtẹ àwọn àwòrán ilé ahoro mi ní Ìbàdàn. Mo kó bẹ́ẹ̀dì irin lọ, bẹ́ǹṣì, òṣùwọ̀n tí kò ní àwo. Ẹni tó ń ṣètò ìpàtẹ náà ti gbọ́ nípa ìwé. Ó fẹ́ ojú ewé kan tí yíǹkì pupa pọ̀ sí, kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá bí ilẹ̀kùn, kí wọ́n gbé e kọ́ sí àárín gbọ̀ngàn. Ó ní ìyẹn ni àwọn ènìyàn máa dúró síwájú rẹ̀ tí wọ́n á sunkún. Bóyá òótọ́ ló sọ. Mo ní rárá. Àwọn obìnrin tó wà nínú ojú ewé náà, èyí tó pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè, wọ́n ń lọ sọ́jà, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Bí ẹkún bá wà níbẹ̀, tiwọn ni. Ohun tí mo gbé kọ́ sí àárín gbọ̀ngàn ni kábínẹ́ẹ̀tì tó dojú dé ilẹ̀.

Mo ṣì gbà pé kí á má mú ohunkóhun kúrò nínú ilé ahoro. Bẹ́ẹ̀dì náà ṣì wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí orúkọ ènìyàn wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹrù ilé. Ní Nàìjíríà yìí, láti ọdún 1954 la ti ní ilé tí a dá sílẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó di National Archives, tí ọ̀kan nínú àwọn ilé rẹ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé àwọn gómìnà àti àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wà níbẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìwé agbẹ̀bí náà jẹ́ ìwé ìjọba. Kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kan kọ́kọ́ yan ẹni kan tí yóò kó ìwé jáde kí wọ́n tó kó bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ kan àti ọkọ̀ kan ti tó.

Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó ilé ìgbẹ̀bí náà láti fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní kí n wá bá wọn kọ ìwé ẹ̀hónú. N kò kọ ọ́. Ilé tí ìlú fi búlọ́ọ̀kù kọ́, ìlú lè fi òòlù wó o. Ohun tó yẹ kó jáde ti jáde.

Ìkómọ méjì ni mo ní lọ́sẹ̀ yìí. Mo ṣì ń ya oyin, iyọ̀, orógbó àti omi tútù nínú àwo, mo ń ya ọwọ́ àwọn àgbà tó ń ju owó sí i kí wọ́n tó sọ orúkọ tí wọ́n fún ọmọ. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà. Mo ní ìwé kékeré kan nínú àpò kámẹ́rà mi. Kí n tó ṣí kámẹ́rà, mo máa ń lọ bá ìyá ọmọ ní ìyẹ̀wù, mo máa ń béèrè orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti aago tí ọmọ dé, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé nítorí owó iṣẹ́ ni. Nígbà mìíràn, ìyá á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ti èyí tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ ọn.” Mo máa ń kọ ọ́.